Ilé ọmọ, ilé ẹyin àti ojú ara: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń rọra bi mí

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Lọ́jọ́ kan ní kílíníìkì aboyún, ọmọbìnrin kan jókòó níwájú mi, ó ní, "Mà, abẹ́ ń dùn mí." Mo ní apá ibo? Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ó wá fi ẹnu júwe ìsàlẹ̀: "Ibẹ̀ yẹn náà ni, mà." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko ni ọ̀rọ̀ yẹn gbà kí n tó mọ̀ pé ìtọ̀ ló ń ta á. Kì í ṣe ojú ara, kì í ṣe ilé ọmọ. Ìtọ́jú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọra. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ìbéèrè wọn sínú ìwé kékeré kan, tìyàwó tọkọ, nítorí àwọn ọkọ náà ń béèrè bí ìyàwó bá ti jáde. Mo pe ohun gbogbo ní orúkọ rẹ̀ níbí. Bójú bá ń tì yín, ẹ ka díẹ̀, ẹ sinmi, kí ẹ tún padà wá.

Kí gan-an ni "abẹ́"?

Abẹ́ kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà ara kankan. Aṣọ tí a fi bo ọ̀rọ̀ ni. Òbò ni Yorùbá ń pè é láti ilẹ̀ wá, ojú ara ni a ń sọ níbi tí àgbà bá wà, òun náà ni èmi yóò sì máa lò. Àwọn ohun tó wà níta nìyí: òkè ẹran tí irun ń hù sí, ètè ńlá méjì, ètè kékeré méjì tí kò nírun láàárín wọn, idọ́ níbi tí ètè kékeré méjèèjì ti pàdé lókè, ihò ìtọ̀ nísàlẹ̀ idọ́, àti ẹnu ojú ara nísàlẹ̀ ihò ìtọ̀.

Ètè kékeré kì í sábà dọ́gba. Ọ̀kan lè gùn ju èkejì lọ, wọ́n lè yọ síta kọjá ètè ńlá, wọ́n sì lè dúdú ju itan lọ. Àwọn ọlọ́mọge tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa èyí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, bí àrùn ni wọ́n sì ṣe ń sọ ọ́. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ wo etí yín méjèèjì nínú dígí, bóyá wọ́n dọ́gba.

Ṣé ihò tí ìtọ̀ ń gbà ni ọmọ ń gbà jáde?

Ọkùnrin ló máa ń béèrè èyí jù, mi ò sì bá wọn wí, torí ojú kan náà ni ìtọ̀ àti àtọ̀ tiwọn ń gbà. Ti obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò mẹ́ta ló wà láti iwájú lọ sẹ́yìn: ti ìtọ̀, ti ojú ara, ti ìgbẹ́. Nǹkan oṣù àti ọmọ ń gba ojú ara. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ìdí rèé tí kòkòrò fi ń tètè gòkè dé àpò ìtọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ń nu ìdí fún ọmọbìnrin yín, iwájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ nù ún lọ sẹ́yìn, kí ìgbẹ́ má baà ta sí ojú ara.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá yọ lálẹ́ ìgbéyàwó, ṣé ìyàwó ti mọ ọkùnrin rí nìyẹn?

Láyé àtijọ́ wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sórí ẹní, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á fi agbè ẹmu tó kún tàbí páálí ìṣáná tó kún ránṣẹ́ sí òbí ìyàwó. Bí kò bá kún, ẹkún dé ilé náà. Mélòó nínú àwọn ẹkún yẹn ni kò nídìí, Ọlọ́run ló mọ̀.

Awọ fẹ́lẹ́ tó yí etí ẹnu ojú ara ká ni ìbálé. Kò di ẹnu ibẹ̀ pa. Àyè wà láàárín rẹ̀ tí nǹkan oṣù ń gbà jáde. Ti ẹlòmíràn tinrin, ti ẹlòmíràn nípọn, ti ẹlòmíràn á kàn fẹ̀ láìya. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì sí dókítà tó lè wo ìbálé kó sọ bóyá ọmọ náà ti mọ ọkùnrin. Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n pa àyẹ̀wò ìbálé tì pátápátá.

Ó ku ẹyọ kan. Ìbálé àwọn ọmọ díẹ̀ máa ń dí pátápátá. Ọmọ ti bàlágà, ọmú ti yọ, inú ń run ún lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ kò sì jáde. Ẹ má kó ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé àdúrà lásán. Iṣẹ́ abẹ kékeré ló fẹ́.

Ìyá ọkọ mi ní bí orí ọmọ bá kan idọ́ nígbà ìbímọ, ọmọ á kú. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe òótọ́. Mo ti gbẹ̀bí àwọn obìnrin tí olóòlà kò fọwọ́ kàn rí. Orí ọmọ fara kan idọ́ bó ṣe ń kọjá, ọmọ ké, a nù ún, a gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà.

Ohun tí idọ́ jẹ́ kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn dókítà náà pẹ́ kó tó yé wọn dáadáa. Ṣóńṣó orí rẹ̀ lásán la ń rí níta. Ó ní ẹsẹ̀ méjì tó ya sọ́tùn-ún àti sósì nínú ara, tó fi ara ti egungun. Ọdún 1998 ni Helen O'Connell, dókítà kan ní Ọsirélíà, tó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kedere nínú ìwé àwọn oníṣègùn. Ẹran kan náà tó di okó lára ọmọkùnrin ló di idọ́ lára ọmọbìnrin nígbà tí wọ́n wà nínú oyún. Adùn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí mo mọ̀ ọ́n mọ́, bóyá ìyẹn gan-an ló bí àwọn kan nínú.

Dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin ló ń pa ìyá àti ọmọ lára. Àpá kì í fẹ̀ bí ara tó lera. Bí orí ọmọ bá dé ibẹ̀, àpá á ya, ẹ̀jẹ̀ á tú. Lọ́dún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin tó lé ní 28,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà nínú wọn: àwọn tí wọ́n dá abẹ́ fún lọ́nà tó burú jù ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn jù lẹ́yìn ìbímọ, ọmọ wọn ló sì ń kú jù. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 láti gbógun ti ìwà ipá ka dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kí Màmá dáadáa, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ kí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọmọ fún wọn lọ sọ́dọ̀ olóòlà.

Ibo ni ilé ọmọ wà nínú ikùn?

Bí mo bá bi obìnrin mẹ́wàá, ìdodo ni ọ̀pọ̀ wọn á nawọ́ sí. Ilé ọmọ kò ga tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí oyún kò sí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, lẹ́yìn egungun ojú irun, àpò ìtọ̀ níwájú rẹ̀, ìfun ìgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú píà kékeré kan, ẹ dorí rẹ̀ kodò: bó ṣe rí nìyẹn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8. Orí tó fẹ̀ ló wà lókè, ọrùn tó tín-ín-rín ló sì wọ inú ojú ara. Ọrùn yẹn ni a ń pè ní ẹnu ilé ọmọ. Àwọn àgbà ń pe ilé ọmọ ní ilé ọlẹ̀, nítorí ọlẹ̀ ni ọmọ tí kò tíì gbó nínú. Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ ọ́n: "ọlẹ̀ sọ nínú rẹ̀."

Nǹkan bí gíráàmù 60 ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí oyún bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ilé ọmọ nìkan, ẹ yọ ọmọ kúrò, ẹ yọ omi kúrò, á tó kílò kan. Iṣan ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀, iṣan yìí ló ń sún kì nígbà ìrọbí tó fi ń ti ọmọ síta. Ẹnu rẹ̀ tí kò ju ihò abẹ́rẹ́ ńlá lọ tẹ́lẹ̀ á ṣí títí dé sẹ̀ǹtímítà 10.

Wọ́n ní ilé ọmọ mi ti yí padà, pé ìdí nìyẹn tí mi ò fi lóyún.

Ilé ọmọ ọ̀pọ̀ obìnrin tẹ̀ síwájú. Ti obìnrin kan nínú márùn-ún tàbí bẹ́ẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹlòmíràn ṣe ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé náà ni. Kò dí oyún lọ́wọ́. Ẹ yé jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ikùn yín pé òun ń yí i padà sí àyè rẹ̀.

Ṣé ẹyin inú obìnrin máa ń tán?

Ó ń tán, kì í sì í pọ̀ sí i. Ilé ẹyin méjì ló wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ìkọ̀ọ̀kan tó awẹ́ obì kan. Ìgbà tí ọmọbìnrin ṣì wà nínú ìyá rẹ̀ ni ẹyin rẹ̀ pọ̀ jù láyé. Bí oyún bá tó ogún ọ̀sẹ̀, ẹyin inú ọmọ náà ti tó mílíọ̀nù 6 sí 7. Ọ̀pọ̀ á ti kú kí wọ́n tó bí i, á ku mílíọ̀nù 1 sí 2. Bó bá fi máa bàlágà, bí 300,000 sí 400,000 ló kù. Nínú gbogbo èyí, 400 sí 500 péré ni yóò jáde títí nǹkan oṣù rẹ̀ á fi dáwọ́ dúró.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ràn láti sọ fún àwọn ìyá àgbà: nígbà tí ẹ lóyún ọmọbìnrin yín, ẹyin tó di ọmọ-ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn yìí ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ti gbé e sínú rí kí ẹ tó gbé e sẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n á wá pariwo.

Ẹyọ ẹyin kan kò ju yanrìn kíkúná lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, síbẹ̀ òun ni ó tóbi jù nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn, àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di ara. Ọdún 1827 ni Karl Ernst von Baer tó rí irú ẹyin yìí, lára ajá ló sì ti rí i. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé inú àtọ̀ ni odindi ọmọ wà, pé ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí lásán ni obìnrin.

Túùbù tí wọ́n ní ó dí, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Túùbù méjì ló so mọ́ èjìká ilé ọmọ, ìkọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Gabriele Falloppio, ará Ítálì tó kú ní 1562, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ ní èdè àwọn dókítà. Túùbù kò lẹ̀ mọ́ ilé ẹyin. Ẹnu rẹ̀ ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí orí ọwọ̀, ó ń gbá ẹyin tó bá jáde sínú. Àwọn irun wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń sún ẹyin lọ díẹ̀díẹ̀. Inú túùbù yìí ni àtọ̀ ti ń pàdé ẹyin. Kì í ṣe inú ilé ọmọ. Ohun tó bá dà lára wọn á máa rìn bọ̀ nínú ilé ọmọ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó dé.

Ohun tó sábà ń dí i ni àpá àrùn. Àtọ̀sí àti chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ méjì, lè gba ẹnu ilé ọmọ gòkè, kí obìnrin má mọ̀ rárá, kí ara má gbóná, kí ojú ara má sì yún un. Nígbà tó bá ń wá ọmọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni wọ́n á tó rí i. Ìṣẹ́yún tí wọ́n ṣe pẹ̀lú irin ẹlẹ́gbin náà ń ṣe é. Bí dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá túùbù dí, wọ́n á fa oògùn kan sínú ilé ọmọ láti ìsàlẹ̀, wọ́n á ya àwòrán, ibi tí oògùn bá dúró sí ni ó dí.

Àwọn kan ń polówó àgbo tó ń fọ túùbù. Àgbo tí ẹ bá mu, inú agbẹ̀du ló ń lọ, ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sínú ìfun. Kò sí ọ̀nà láti ibẹ̀ dé inú túùbù. Mo sọ báyìí fún obìnrin kan tó ti ná owó ọjà rẹ̀ tán lórí rẹ̀. Inú bí i sí mi. Mi ò bá a jà.

Túùbù dídí kò ní kí ọmọ má dé. Túùbù ìyá Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí láyé nípa pípo ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara, dí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní July 1978. Lọ́dọ̀ wa, ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn LUTH ní Èkó ni àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Oladapo Ashiru ti ṣe é tí ọmọ fi dé ní 1989.

Ọ̀rọ̀ kan tí kò gbọdọ̀ fò yín: oyún lè dúró sínú túùbù. Bí nǹkan oṣù kò bá dé, tí ẹ̀gbẹ́ kan ikùn ń ro kíkankíkan, tí èjìká ń dunni láìgbé ẹrù, tí òòyì ń kọ́ni, ọsibítù ní wákàtí yẹn, kì í ṣe ní àárọ̀ ọ̀la.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni nǹkan oṣù?

Rárá o. Lóṣooṣù, ilé ẹyin á tú omi họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, inú ilé ọmọ á nípọn, á rọ̀, á kún fún ẹ̀jẹ̀, bí ẹni tó tẹ́ ẹní tuntun de àlejò. Bí oyún kò bá dúró, họ́mónù á wálẹ̀, ilé ọmọ á ká ẹní náà dànù. Ẹní tí a ká yìí, òun àti ẹ̀jẹ̀, ni nǹkan oṣù. Àwa a máa ní "àlejò mi ti dé." Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, àlejò tí kò wá ni. Nígbà tí àlejò gidi bá wọlé, nǹkan oṣù á dúró, àwọn ìyá á ní ọmọ náà ti fẹ́ra kù.

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde kò ju ṣíbí ńlá méjì sí mẹ́ta lọ, mìlílítà 30 sí 40. Ohun tó bá kọjá 80 ti pọ̀ jù. Ẹ kò ní wọ̀n ọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá ń jáde, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Ọjọ́ méjì sí méje ló yẹ kó dà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ eléyìí dé ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 21 sí 35 kò burú fún àgbàlagbà.

Ọjọ́ wo gan-an ni ẹyin ń jáde?

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti kà á. Bí ọjọ́ 14 ṣáájú kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé ni. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28, ọjọ́ kẹrìnlá. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 35, ọjọ́ kọkànlélógún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí gbogbo ènìyàn máa ka kẹrìnlá. Ẹyin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ láàyè, àtọ̀ lè lò tó ọjọ́ márùn-ún nínú ara obìnrin. Nítorí náà àwọn tó ń wá ọmọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ẹyin. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Omi ojú ara á máa yọ̀, á máa fà bí funfun ẹyin adìyẹ tútù ní àkókò náà. Àwọn tí kò fẹ́ ọmọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kàlẹ́ńdà nìkan.

Inú máa ń run mí débi pé mi ò lè lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní tí mo bá ti bímọ á lọ.

Ilé ọmọ ló ń sún kì láti lé ẹní yẹn jáde. Díẹ̀díẹ̀ tí ìgò omi gbígbóná tàbí oògùn ara ríro ń kápá, kò léwu. Èyí tó ń dá yín dùbúlẹ̀ lóṣooṣù kì í ṣe ohun tí a ń fara dà títí ọmọ á fi dé. Nígbà mìíràn, irú ẹní inú ilé ọmọ yẹn ló hù sí ìta ilé ọmọ, sára ilé ẹyin tàbí ìfun. Ó ní ìtọ́jú. Ẹ bèèrè.

Kí ló dé tí ìbejì fi pọ̀ láàárín wa?

Ní ọ̀pọ̀ oṣù, ẹyin kan ṣoṣo ló ń jáde. Bí méjì bá jáde, tí àtọ̀ bá dé ara méjèèjì, Táyé àti Kẹ́hìndé dé. Irú ìbejì yìí, tí wọn kò jọra ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ, ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èyí tó jẹ́ pé ẹyin kan ló là sí méjì, bákan náà ló ṣe ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé. Dókítà Patrick Nylander, tó ṣe ìwádìí ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, rí i pé nínú ìbímọ 1,000, 45 sí 50 ni ìbejì. Igbó-Ọrà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló lókìkí jù.

Ará Igbó-Ọrà á sọ fún yín pé ọbẹ̀ ilasa àti àmàlà ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó fi hàn gbangba. Ohun tó dájú ni pé ó ń tẹ̀ lé ìdílé, ìdílé ìyá sì ni, nítorí ẹyin ìyá ni ọ̀rọ̀ wà. Ilasa dùn, ẹ jẹ ẹ́ nítorí adùn rẹ̀.

Obìnrin mẹ́rin ni mo ti bí. Ọkọ mi ń wá ẹni tó máa bí ọkùnrin fún un.

X àti Y ni orúkọ ohun tí ẹyin àti àtọ̀ gbé tó ń pinnu bóyá ọmọ á jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Gbogbo ẹyin obìnrin, X ló gbé. Inú àtọ̀ ọkùnrin, àwọn kan gbé X, àwọn kan gbé Y. X bá X pàdé, obìnrin. Y bá X pàdé, ọkùnrin. Nettie Stevens, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ti rí èyí lára kòkòrò láti 1905. Ẹ gbé ojú ìwé yìí fún ọkọ yín, kí ó kà á lójú ara rẹ̀.

Àtọ̀ máa ń tú jáde lára mi lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ṣé ẹ̀dá ni, àìsàn tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún?

Ó ń tú jáde lára gbogbo obìnrin. Omi tí àtọ̀ ń wẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń ṣàn padà. Àwọn tó máa lọ ti gba ẹnu ilé ọmọ wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ra oògùn sí i.

Kí ni mo lè fi fọ inú ojú ara kó má rùn?

Ẹ má fi nǹkan kan fọ inú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí rere ń gbé ibẹ̀ tó ń mú un kan, kíkan yìí ló ń lé àwọn kòkòrò búburú. Bí ẹ bá da ọṣẹ, apakòkòrò, iyọ̀ tàbí álọ́ọ̀mù sínú rẹ̀, ẹ lé onílé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún olè ni. Omi lásán fún ìta ti tó. Omi ojú ara tó funfun tàbí tó mọ́ gaara, tí kò rùn, iṣẹ́ ibẹ̀ ni.

Èyí tó bá dì bí wàrà, tó ń yúnni, tó jẹ́ àwọ̀ ewé, tó ń rùn bí ẹja, ó ní oògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó kí ẹ tó ra oògùn. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "toilet infection" ní ìgboro. Bí obìnrin bá kó o wálé, ilé ìgbẹ́ ni wọ́n ń dá lẹ́bi. N kò tíì rí ilé ìgbẹ́ tó ń kó àtọ̀sí ran ènìyàn. Tó bá jẹ́ pé àrùn ìbálòpọ̀ ni, ọkọ náà gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú.

Ìju wà nínú mi. Ṣé jẹjẹrẹ ni?

Ìju kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Kókó ni, ó ń hù láti ara iṣan ilé ọmọ. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó pé 50, nǹkan bí 80 nínú 100 ni ìju á ti hù sí lára, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Ibi tó hù sí ló ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Èyí tó yọ sínú ilé ọmọ, bí kò tilẹ̀ ju ẹ̀wà lọ, lè da ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀, kó sì lé oyún. Èyí tó wà lẹ́yìn lè tóbi bí ọsàn kó má ṣe nǹkan kan. Tí kò bá yọ yín lẹ́nu, dókítà lè ní ká kàn máa wò ó.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún àwọn ọmọbìnrin nílé ìwé, ṣé kí wọ́n má baà bímọ ni?

Àjẹsára HPV ni, kò kan ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. HPV ni kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Harald zur Hausen, ará Jámánì tó fi èyí hàn, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008. October 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí ọmọ tó mọ ọkùnrin ló ṣiṣẹ́ jù, ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré nìyẹn. Àwọn ìyá wọn, àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ ni tiyín. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kì í sì í dun tó bí ẹ ṣe rò.

Lẹ́yìn ìbímọ, ṣé dandan ni kí n jókòó sínú omi gbígbóná?

Bí ibi ọmọ bá ti jáde, a máa ń tẹ́ ẹ sínú abọ́, ká tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ewé, ká wò ó bóyá ó pé. Bí ẹyọ kékeré kan bá ṣẹ́kù sínú, ilé ọmọ kò ní lè dì, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Lẹ́yìn náà a ó fọwọ́ tẹ ikùn: ó yẹ kí ilé ọmọ le bí orí ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Bí inú bá ń run yín nígbà tí ọmọ ń mu ọmú, iṣẹ́ rere ni. Ọmú mímu ló ń mú kí ilé ọmọ sún kì.

Omi lílọ́wọ́ọ́ kò burú. Omi tó ń hó lójú, tí ìyá àgbà ní kí ẹ fara dà, ń bó ni lára. Mo ti tọ́jú ẹni tó bó.

Nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, níbo ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ń kó sí?

Kò kó síbì kankan. Ilé ẹyin ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ilé ọmọ kò tẹ́ ẹní mọ́, kò sí ohun tó máa ká. Láàárín ọdún 45 sí 55 ló máa ń ṣẹlẹ̀. Bí oṣù méjìlá bá kọjá láìrí i, ó ti tán. Ara á máa gbóná lójijì, òógùn á máa bo ni lóru, ojú ara lè gbẹ. Wọ́n ní bí obìnrin bá súnmọ́ ọkọ lẹ́yìn èyí, ikùn á wú. Kì í ṣe òótọ́. Ìpara tó ń mú ojú ara yọ̀ wà.

Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni ẹ̀jẹ̀ tó bá tún yọ lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, bó ṣe wù kó kéré mọ. Màmá kan wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti tún di ọlọ́mọge, pé nǹkan oṣù òun ti padà dé. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mo kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà kó tó dìde lórí àga.